Àlejò Lójú, Kò Fi Í Ríran: Ẹ̀kọ́ Lórí Èdè Ìkìlọ̀ Nínú Òtẹ́ẹ̀lì Gíga

Ìfáárà

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé àlejò lójú, kò fi í ríran. Ìtumọ̀ òwe yìí ju pé àlejò kò mọ ilẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ni òwe náà ń fi lé onílé lọ́wọ́: ẹni tí ó mọ ilẹ̀ ni kí ó la ojú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ kí a gbé òwe náà wọ inú ilé kan tí àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á kò rí rí, ìyẹn òtẹ́ẹ̀lì gíga ti ìlú ńlá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Bí ẹni tí kò gbọ́ èdè kankan lẹ́yìn Yorùbá bá sùn sí àjà kẹsàn-án irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ilé sì ń jó lóru, èdè wo ni a ó fi sọ ọ̀nà fún un?

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, ọmọ Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ni, ní àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì, lápá ibi tí Ìdó àti Ọ̀yẹ́ wà. Oko kòkó ni òun àti bàbá mi àgbà jọ fi tọ́ àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí àbúrò bàbá mi fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ ní Èkó, ó gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Erékùṣù Victoria fún àwọn àgbà tí ó ń bọ̀ láti ilé. N kò ní dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ ilé kan ni mo ń rò. Èmi ni wọ́n ní kí n máa mú Yèyé lọ́wọ́.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Yèyé gbójú sókè, ó sì fi ọwọ́ di gèlè rẹ̀ mú. Mo sọ fún un pé ohun tí a ń pe irú ilé yìí ni ilé àwòṣífìlà. Àwa tí a ń kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mọ̀ pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi mọ́ wò-ṣí-fìlà: ilé tí ènìyàn wò títí tí fìlà fi ṣí lórí rẹ̀. Yèyé ronú díẹ̀, ó ní, “Ti ọkùnrin nìyẹn. Àwòṣígèlè ni tèmi.” Kò mọ ohun tí à ń pè ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lò ó láìṣìṣe.

Bí a ti wọlé, ó kí gbogbo ilé pé, “Ẹ kú ulé o,” nítorí ulé ni àwa Èkìtì ń pe ilé. Ọmọbìnrin tí ó wà nídìí tábìlì ìgbàlejò ti fi Gẹ̀ẹ́sì kí wa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ ohùn Yèyé, ó kúnlẹ̀, ó sì fi Yorùbá dáhùn. Yèyé wá béèrè pé ta ni onílé, kí òun lọ kí i kí òun tó sùn sílé rẹ̀. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní onílé kò sí nítòsí, ilé iṣẹ́ ni ó ni ín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìbéèrè yẹn ṣẹ̀rín. Nínú ilé ìtura, kò sí onílé tí yóò jókòó ti àlejò tí yóò sì máa júwe ilé fún un. Ìwé pelebe kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí òwe fi lé onílé lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó sì ń sọ ohun tí a ó ṣe bí ilé bá ń jó. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́.

Òru ọjọ́ náà

Àjà kẹsàn-án ni yàrá Yèyé àti àbúrò rẹ̀ wà, tèmi wà ní àjà karùn-ún. Mo kọ́ Yèyé bí a ti ń fi káàdì ṣílẹ̀kùn, mo sì kọ́ ọ bí a ti ń pe lífìtì: “Ẹ tẹ ibí yìí, ẹ dúró, yóò ṣí.” Kíá ni ó mọ̀ ọ́n. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, ó ní àpótí agbénigòkè.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, agogo ìdágìrì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ohùn kan ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí gbogbo ènìyàn gba orí àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀. Mo sáré gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kẹsàn-án. Ẹnu ọ̀nà lífìtì ni mo bá àwọn ìyá méjèèjì. Yèyé ń tẹ bọ́tìnnì, ó ń dúró, ó tún ń tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo kọ́ ọ gan-an ni ó ń ṣe. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi ń júwe lífìtì fún un, n kò sì fi àtẹ̀gùn hàn án lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí mo lè ka ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà kò kà á fún un. Mo kó àwọn méjèèjì gba orí àtẹ̀gùn, ọwọ́ Yèyé wà léjìká mi, a ń sọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan títí a fi dé ìsàlẹ̀. Èéfín láti ilé ìdáná ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ṣùgbọ́n bí a ti dúró lágbàlá, Yèyé wò mí, ó ní: “Ẹ̀yin ni ẹ kàwé. Ta ni ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ń bá sọ̀rọ̀?” N kò rí èsì fọ̀.

Ilé gíga kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́

Ẹnì kan lè sọ pé ilé gíga kò kan ará oko. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó kòkó ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tí kòkó Èkìtì wà nínú rẹ̀, ni a fi kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí ó parí ní 1965, tí ó ní àjà 26. Ní Èkó, òtẹ́ẹ̀lì Federal Palace ti wà láti 1960. Òtẹ́ẹ̀lì Premier dé sórí òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ní 1966, òtẹ́ẹ̀lì Èkó sì ṣí ní 1977.

Ìjà àkọ́kọ́ lórí òtẹ́ẹ̀lì nílẹ̀ wa ni kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn dúdú wọlé. Ní 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn ará Èkó fi ẹ̀hónú hàn. Ìjà yẹn ti kọjá. Ìjà kejì ni kí ẹni tí ó wọlé gbọ́ ohun tí à ń sọ fún un nínú ilé.

Iná náà kì í ṣe àlá. Ilé gogoro NET ní Èkó, tí ó ní àjà 32, jó ní 1983. Ilé Kòkó fúnra rẹ̀ jó ní 1985, ó di 1992 kí a tó tún un ṣí. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ń jó, iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì lè kú kí lífìtì há sáàárín àjà méjì. Ihò tí lífìtì ń gbà gòkè a sì máa gbé èéfín gòkè. Lífìtì tilẹ̀ lè lọ ṣílẹ̀kùn sí àjà tí ó ń jó gan-an. Nítorí náà ni a fi ń sọ pé àtẹ̀gùn ni kí a gbà. Èéfín sì máa ń pa ènìyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí mo ṣe túmọ̀ ìwé náà

Mo da ìwé náà kọ, mo túmọ̀ rẹ̀, mo sì kà á sí Yèyé létí nígbà tí a padà sí Ẹ̀dá-Oníyọ̀. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo rí kọ́.

Èkíní, mo kọ “Bí iná bá ṣẹlẹ̀.” Yèyé ní ìjàǹbá ni ó ń ṣẹlẹ̀. “Bí ilé bá ń jó” ni à ń wí.

Èkejì, mo kọ “Ọ̀nà àbáyọ wà ní apá òsì.” Yèyé dáhùn pé, “Àmín!” Àdúrà ni ó pè é, nítorí inú àdúrà ni ó ti ń gbọ́ ọ̀nà àbáyọ. Mo wá rí i pé kí a dárúkọ ohun tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ gan-an: àtẹ̀gùn.

Ẹ̀kẹta, mo lo “ẹ̀rọ agbénigòkè,” mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn, nítorí ó sún mọ́ orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fi pe ẹ̀rọ náà. Ó ní rárá. Ó ní orúkọ tí òun ń pè é nínú ilé ni àpótí agbénigòkè, ṣùgbọ́n bí òun bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lóru, lífìtì ni yóò yé e. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá dára púpọ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984, ṣe fún wa nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n nínú ìkìlọ̀, ọ̀rọ̀ àyálò tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ sàn ju ọ̀rọ̀ àdáyébá tí a ó kọ́kọ́ túmọ̀.

Ẹ̀kẹrin, àyà tí ń já kì í gbọ́ gbólóhùn gígùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan sí gbólóhùn kan tó. “Ẹ” ni kí a sì lò, kì í ṣe “o,” nítorí àgbà àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni à ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ó wúwo jù. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: “Ẹ má wọ lífìtì” àti “Ẹ máa wọ lífìtì.” Èkíní kọ̀ fún ni, èkejì ní kí a wọ̀ ọ́. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn. Akọ̀wé tí kò ka àkọtọ́ sí lè fi lẹ́tà a kan ran ènìyàn lọ sínú èéfín. Nítorí náà ni mo fi yan “Ẹ má ṣe wọ lífìtì.” Ọ̀rọ̀ “ṣe” yìí ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í kà.

Èyí ni ìkìlọ̀ náà bí Yèyé ṣe fọwọ́ sí i:

BÍ ILÉ BÁ Ń JÓ
1. Ẹ má ṣe wọ lífìtì.
2. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá gbóná, ẹ má ṣe ṣí i.
3. Bí kò bá gbóná, ẹ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ yà sọ́wọ́ òsì. Ilẹ̀kùn kẹta ni àtẹ̀gùn.
4. Bí èéfín bá pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ rákò.
5. Bí ẹ kò bá lè jáde, ẹ ki aṣọ tútù bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ dúró lójú fèrèsé, ẹ ké sí àwọn ènìyàn.

Ìkádìí

N kò sọ pé kí a yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àlejò tí ó ti òkè òkun wá nílò rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àyè wà lábẹ́ rẹ̀ fún ìlà mẹ́wàá Yorùbá, àwa tí a ń kọ́ èdè yìí ni a sì lè kọ ọ́ kí ó yé ará ilé. Mo dámọ̀ràn pé kí ẹgbẹ́ wa tún irú ìkìlọ̀ yìí kọ fún ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, fún ilé ìwòsàn, àti fún òtẹ́ẹ̀lì tí ó bá gbà wá láàyè. Kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibikíbi, kí a kà á sí àgbà tí kò kàwé létí, kí a gbọ́ ohun tí ó máa sọ.

Ní ti Yèyé, ó ti yí bí ó ṣe ń gba àlejò padà. Bí ó bá ti fún àlejò lómi tán, yóò nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, yóò ní, “Ọ̀nà kejì nìyẹn o, bí ulé bá ń jó.”