Ẹ Yí Tábìlì Náà Dojú Dé Kí Ẹ Tó Sanwó



Ìyá kan ní agbègbè Kétu ló bi wá. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Faransé fẹ́ ra tábìlì àti àga àlòkù tí wọ́n ṣe ní Dẹ́nmáàkì, kó tún un tà níbẹ̀. Ó ní kí ìyá òun bá òun yá owó nínú àjọ. Ìyá ní: “Báwo la ó ṣe mọ̀ pé wọn ò tíì pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni, owó ẹgbẹ́ wà níbẹ̀.

Igi tíìkì ni wọ́n fi ṣe é, tíìkì kan náà tí ẹ mọ̀, èyí tí ẹ bá rún ewé rẹ̀ tútù, ọwọ́ a pọ́n. Kì í hù ní Dẹ́nmáàkì. Láti ilẹ̀ Éṣíà, bíi Thailand, ni wọ́n ti ń kó o wá. Láàárín 1950 sí 1970 ni wọ́n ṣe é jù. Iṣẹ́ àwọn bíi Hans Wegner àti Finn Juhl ṣì ń gbowó lórí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á fẹ́ ẹ bí wọ́n ti ṣe é. Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí pààrọ̀ rẹ̀, owó já wálẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, màmá, ẹ má gba àwòrán iwájú nìkan. Iwájú ni olùtajà máa ń nù. Ẹ ní kí ọmọ yí i dojú dé, kó ya abẹ́ rẹ̀.

Lábẹ́, ẹ wá ihò tí kò níṣẹ́. Ihò sùkúrù tí wọ́n dí pa ń sọ pé ẹsẹ̀ mìíràn ti wà níbẹ̀ rí. Sùkúrù tó ń dán láàárín àwọn tó ti dípẹtà náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ìdí ẹsẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń tínrín bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n gé, ìdí rẹ̀ a nípọn, a sì mọ́ bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kó wọ̀n ọ́n: tábìlì oúnjẹ máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 72. Bó bá jẹ́ 65, ẹ bi í léèrè.

Orí tábìlì ló ń tan ni jù. Èmi náà rò tẹ́lẹ̀ pé tíìkì ni látòkè délẹ̀. Rárá o. Lọ́pọ̀ ìgbà, awẹ́ tíìkì fẹ́lẹ́, tí kò ju bíi mìlímítà kan lọ, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó mìíràn. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn. Sáńpépà ni ewu ibẹ̀: ẹni tó fẹ́ kó dán bíi tuntun a há a títí awẹ́ náà yóò fi tán níbì kan, pàápàá létí tábìlì. Ẹ ó rí igi mìíràn tó yọjú. Àwọn kan a wá fi ọ̀dà bò ó. Kí ọmọ tọrọ àyè, kó fi aṣọ funfun tó ní sípíríìtì díẹ̀ nu ibi kọ́lọ́fín kan. Bí àwọ̀ púpọ̀ bá bọ́ sí aṣọ, ọ̀dà wà níbẹ̀.

Tábìlì tó ń fà gùn yàtọ̀ o. Pákó tí wọ́n ń fi kún un ti pẹ́ nínú òkùnkùn, àwọ̀ rẹ̀ lè má bá ti òkè tí ìmọ́lẹ̀ ń pa mu. Ẹ má torí ìyẹn pe olùtajà lólè. Aṣọ ìjókòó tuntun náà kò burú, bó bá ti sọ fún yín.

Òǹtẹ̀ “Made in Denmark” lábẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí fún ẹsẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀ lẹ́yìn náà.

Màmá, nígbà tí àwòrán bá dé, ẹ mú fóònù wá sípàdé. Ẹ pe gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé yín kó wò ó kí wọ́n tó ṣí àpótí àjọ.