Ilé Àlejò tí Akàndá Ẹ̀dá Lè Gbé ní Abúlé Wa

Ẹ̀yin àgbẹ̀ agbègbè Ìlọrin àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, púpọ̀ nínú yín ti rí i pé kì í ṣe irè oko nìkan ni ó lè mú owó wọ abúlé. Àwọn ènìyàn ń ti ìlú ńlá wá wo àwọn ère òkúta Ẹ̀ṣìẹ́, níbi tí a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ sí ní ọdún 1945. Wọ́n ń lọ wo omi Òwù tí ń dà wálẹ̀ láti orí òkè gíga. Wọ́n ń lọ sí Ṣáò nígbà ọdún tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ń lọ ilé ọkọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ sinmi lábẹ́ igi ẹmì, kí wọ́n sì rí bí a ti ń kọ ebè. Bí ẹ bá ń múra láti kọ́ yàrá fún irú àlejò bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ yìí wà fún yín.

Akàndá ẹ̀dá wà nínú àwọn àlejò wọ̀nyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé kòkòrò wild polio, tí ń fa àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mú ní kékeré ti di àgbà, wọ́n di oníṣòwò, wọ́n di olùkọ́, wọ́n sì lówó ilé àlejò lọ́wọ́. Ẹ fi àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kún wọn, àti àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti bá jà. Òfin pẹ̀lú ti sọ̀rọ̀. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ní oṣù Kíní ọdún 2019 pàṣẹ pé kí akàndá ẹ̀dá lè wọ ilé tí ó wà fún gbogbo ènìyàn. Ó fi ọdún 5 sílẹ̀ láti tún àwọn ilé àtijọ́ ṣe, ọdún 5 náà sì ti pé ní 2024.

Ẹ gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí a kò ti bìkítà. Àlejò tí kò lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àfi bí a bá gbé e, kò ní mu omi láti ọ̀sán. Yóò fi òùngbẹ sùn. Kò ní sọ fún yín. Yóò kàn dúpẹ́ ní òwúrọ̀, kò sì ní padà wá mọ́.

Ilẹ̀ ilé ni ó gba ìrònú jù. Àwa ará ìhín máa ń gbé ilẹ̀ ilé sókè, a sì ń mọ ìdènà kékeré sí ẹnu ọ̀nà, nítorí àgbàrá òjò láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kan náà ni ó ń sé akàndá ẹ̀dá mọ́ ìta. Àtẹ̀gùn 3 péré tó láti sọ ẹni tí ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ arọ di ẹrù. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni a fi ń rọ́pò àtẹ̀gùn. Fún gbogbo ínǹṣì 1 tí ilẹ̀ ilé fi ga ju àgbàlá lọ, kí ọ̀nà náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Nítorí náà, ilé tí ó ga ní ínǹṣì 18 yóò gba ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 18. Bíríkìlà yóò sọ pé ó pọ̀ jù, pé ẹsẹ̀ bàtà 6 ti tó. Ẹ má gbà fún un. Lórí irú ọ̀nà tí ó ga fíofío bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti máa ń ṣubú sẹ́yìn, tàbí kí ó bọ́ mọ́ ẹni tí ń tì í lọ́wọ́.

Bí ẹ kò bá tíì kọ́ ilé náà, ohun tí ó rọrùn wà. Ẹ yan ibi tí ilẹ̀ ga nínú àgbàlá, ẹ gbẹ́ ọ̀nà omi sí ẹ̀yìn ilé kí àgbàrá lè gba ibẹ̀ lọ, kí ẹ sì gbé ilẹ̀ ilé sókè ní ínǹṣì 6 péré. Ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 6 yóò tó nígbà náà, owó sìmẹ́ǹtì yóò sì dín kù. Kí ọ̀nà náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ẹ mọ etí kékeré sí i ní ọ̀tún àti ní òsì kí táyà má baà yẹ̀, kí ibi títẹ́jú tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sì wà níwájú ìlẹ̀kùn. Amọ̀ nìkan kò ní la òjò ọdún kan já. Òkúta àti sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ lò. Àwọn bíríkìlà wa fẹ́ràn ilẹ̀ dídán púpọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dídán a máa yọ̀. Ẹ fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì tutù.

Kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Kí àyè ẹsẹ̀ bàtà 5 wà nínú yàrá tí kẹ̀kẹ́ fi lè yí, kí ibùsùn sì ga ní ínǹṣì 18, nítorí pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ kò jìnnà sí ìwọ̀n náà. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ọwọ́ wà lójú títì tóbi ju èyí lọ. Ẹ ṣe ìbòòrùn kékeré fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí òjò má pa á.

Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má ṣe kọ́ ọ sí ìsàlẹ̀ àgbàlá nítorí ìtìjú. Kí ó sún mọ́ yàrá, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí kànga ní 100 ẹsẹ̀ bàtà. Ṣáláńgá tí a ń lóṣòó sí kò wúlò fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára. Ẹ mọ ìjókòó yí ihò ká, kí ó ga ní ínǹṣì 18, kí ẹ sì fi àyè ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́. Ọ̀pá ìdìmú ṣe pàtàkì. Ara ògiri amọ̀ kò lè gbà á, yóò fà yọ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ jù. Ẹ ri òpó líle mọ́lẹ̀, ẹ kan ọ̀pá mọ́ ọn, kí ọkùnrin tí ó sanra jù nínú ẹgbẹ́ yín sì fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn wò. Síta ni kí ìlẹ̀kùn máa ṣí sí, kí ẹ lè wọlé bí àlejò bá ṣubú sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Afọ́jú kò nílò ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohun tí ó ń ṣe é ní ibi ni fèrèsé onípákó tí a ṣí síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀gangan iwájú orí, àti kànga tí kò ní ìdérí. Ẹ mú un rìn yíká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì gbé ohunkóhun kúrò ní àyè rẹ̀ lẹ́yìn náà. Adití kò ní gbọ́ kíkàn ìlẹ̀kùn. Ẹ bá a fi ẹnu kò sórí àmì iná tọ́ọ̀ṣì láti ojú fèrèsé.

Kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, ẹ pe akàndá ẹ̀dá kan ní abúlé yín tàbí ní ìlú tí ó sún mọ́ yín, ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀, kí ó wá wo iṣẹ́ náà. Ohun tí ó bá sọ ni kí ẹ ṣe, ì báà ta ko ìwọ̀n tí a kọ síhìn-ín.

Yàrá 1 ni kí ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é ní ọ̀wẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀ tí òjò kò sì sí, kí owó àjọ lè jẹ́ ti sìmẹ́ǹtì, pákó àti iṣẹ́ káfíńtà nìkan. Bí àlejò bá sì pè yín lórí fóònù, ẹ sọ òtítọ́ fún un: bí ẹnu ọ̀nà ti fẹ̀ tó, bí ojú ọ̀nà láti títì ti rí, àti ibi tí kẹ̀kẹ́ kò lè dé.