Ọjọ́ Wo Ni Ẹyin Obìnrin Ń Jáde?

ÌBÉÈRÈ: Ọjọ́ 32 ni nǹkan oṣù mi fi ń yí po, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọjọ́ kẹrìnlá ni kí n máa ṣọ́ bí mo bá ń wá oyún. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyàwó Àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọjọ́ kẹrìnlá tí wọ́n wí, ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń yí po ní ọjọ́ 28 ni; nítorí pé ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde kí nǹkan oṣù mìíràn tó dé, láti ẹ̀yìn ni a ti ń kà á. Yọ 14 kúrò nínú 32, àyíká ọjọ́ kejìdínlógún ni tìrẹ. Ẹyin kì í wà láàyè ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ lè lo ọjọ́ 5 nínú ara obìnrin. Nítorí náà, láti ọjọ́ kẹtàlá ni kí ẹ ti súnmọ́ ara yín. Oṣù a sì máa yẹ̀ nígbà mìíràn, nítorí náà máa wo omi ojú ara rẹ: bí ó bá mọ́ gaara, tí ó ń fà láàárín ìka méjì bí funfun ẹyin adìẹ tútù, àkókò ti dé tán. Bí ọdún kan bá kọjá láìsí oyún, tàbí oṣù 6 bí o bá ti lé ní ọdún 35, kí ìwọ àti ọkọ rẹ jọ tọ dókítà lọ fún àyẹ̀wò, nítorí ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.