Fínfín Ẹ̀yìn Kòkòrò: Èdè-Ìperí fún Yíya Àwòrán Ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn ní Àsúnmọ́

Bí olùkọ́ kan ní Àrámọ́kọ̀ bá la obì kan sí méjì níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí kòkòrò kékeré kan sì yọ jáde nínú ihò tí ó ti gbẹ́ sí ara obì náà, kò sí ọmọ tí kò ní mọ orúkọ tí yóò pè é: kòkòrò obì ni. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ náà bá gbé àwòrán kòkòrò yìí kan náà jáde, àwòrán tí a yà ní àsúnmọ́ tí a sì tẹ̀ kún ojú ewé ìwé kan, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ náà, àti àgbẹ̀ olóbì tí ó bí wọn pàápàá, sọ pé àwọn kò rí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tí wọ́n mọ̀ kéré ju èékánná ọwọ́ lọ. Èyí tí ó wà nínú ìwé tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, ẹnu rẹ̀ gùn bí àgógó ẹyẹ, ara rẹ̀ sì kún fún ihò àti ilà. Àwòrán náà kò parọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó bá a rìn ni kò sí níbẹ̀.

Láti ọdún 1970 tí Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni ó ti hàn gbangba pé èdè Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ jáde ní 1984, ìdìpọ̀ kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni iṣẹ́ wọ̀nyí dá lé. Ayàwòrán kòkòrò kò sí lára àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún, kò sì sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi fún èyí.

Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ìjerò sí Àrámọ́kọ̀ títí dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ni iṣẹ́ yìí fi ṣe ojúkò, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Obì, ọ̀pẹ àti iṣu wà lára ohun tí àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò ní kòkòrò tirẹ̀ tí ń bá a jà. Ìdí kejì ni pé ìlú agbẹ́gilére ni Ẹ̀fọ̀n, yóò sì hàn níwájú pé ọwọ́ agbẹ́gilére ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣòroó wá jù nínú iṣẹ́ yìí wà.

Kí á tó ya àwòrán ohun kan, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń pè é. ‘Kòkòrò’ gbòòrò jù: eṣinṣin, èèrà, labalábá àti tata, gbogbo wọn ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. ‘Ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn’ ni àwọn ìwé atúmọ̀-èdè sábà ń lò, orúkọ tí ó jọ pé ariwo tí kòkòrò náà ń pa bí ó bá ń fò ni ó bí i. Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni, ó sì yẹ kí ó máa wà lẹ́nu ọmọdé àti nínú ìtàn, àní ní orí àpilẹ̀kọ bí irú èyí. Àmọ́ kò kárí. Yímíyímí tí ń yí imí, tanná-tanná tí ń tan iná lóru, kòkòrò ẹ̀wà tí ń dá ẹ̀wà lu, àti èyí tí ìdin rẹ̀ ń gbé inú ọ̀pẹ tí àwọn ènìyàn ń dín jẹ, inú ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà lójú onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ọ̀wọ́ tí irú inú rẹ̀ tí a ti sọ lórúkọ lé ní 350,000. Àgbà Ìjerò tí a bá sọ fún pé ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn ni tanná-tanná yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Ìyẹ́ ni ó so wọ́n pọ̀. Ìyẹ́ iwájú wọn ti yi, ó ti di ìdérí fún ìyẹ́ ẹ̀yìn tí ó fẹ́lẹ́, tí ó ká jọ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ti ṣàkíyèsí èyí. Orúkọ tí Aristotle lò fún wọn, tí ó di Coleoptera lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, jẹ́ àpapọ̀ ‘àkọ̀’ àti ‘ìyẹ́’. Yorùbá ní àkọ̀, àkọ̀ idà àti àkọ̀ ọ̀bẹ. Nítorí náà, ‘kòkòrò abìyẹ́-lákọ̀’ ni orúkọ tí ó tọ́ sí ọ̀wọ́ náà lápapọ̀, kí ‘àkọ̀ ìyẹ́’ sì jẹ́ orúkọ ìyẹ́ iwájú tí ó le náà. Kí atúmọ̀ èdè má ṣe yí i padà sí ‘ìyẹ́ àkọ̀’. Orí ni ó ń ṣáájú nínú àpólà orúkọ Yorùbá: àkọ̀ idà, àkọ̀ ni, kì í ṣe idà. A tilẹ̀ lè sọ pé ‘abìyẹ́-lákọ̀’ ṣe rẹ́gí ju orúkọ Gíríìkì lọ, nítorí pé ìyẹ́ tí kòkòrò náà fi ń fò wà nínú àkọ̀ lóòótọ́.

Ibi tí àṣìṣe yóò ti pọ̀ jù ni orúkọ irú àwòrán yìí fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí àwọn òyìnbó gbé sí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ tiwọn sábà máa ń dúró fún ‘ńlá’, ẹni tí ó bá sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ yóò fẹ́ pè é ní ‘àwòrán ńlá’. Àwòrán ńlá ni èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó lẹ́bàá títì. Nǹkan mẹ́ta ni ó yẹ kí á yà sọ́tọ̀. Èkíní ni bí awò kámẹ́rà ṣe súnmọ́ kòkòrò tó, ‘àsúnmọ́’ nìyẹn. Èkejì ni bí àwòrán tí ó bọ́ sórí ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, èyí tí a lè pè ní ‘agbàmọ́lẹ̀’, ṣe tóbi tó bí a bá fi wé kòkòrò gan-an. ‘Ìmútóbi’ ni èyí. Ẹ̀kẹta ni bí àwòrán tí a tẹ̀ sórí ìwé ṣe tóbi tó. Kámẹ́rà nìkan kọ́ ni ó ń pinnu èyí, ọwọ́ òǹtẹ̀wé wà nínú rẹ̀, ‘ìfẹ̀lójú’ sì ni ó yẹ kí ó máa jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi nọ́ńbà wò ó. Agbàmọ́lẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ nínú kámẹ́rà àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ jẹ́ mìlímítà 36 ní ìbú àti mìlímítà 24 ní gíga, ìwọ̀n kan náà tí fíìmù ní láyé àtijọ́. Ìmútóbi jẹ́ 1:1 nígbà tí àwòrán kòkòrò lórí agbàmọ́lẹ̀ bá gùn tó kòkòrò náà gẹ́lẹ́. Bí abìyẹ́-lákọ̀ inú ọ̀pẹ kan bá gùn ní mìlímítà 36, yóò kún agbàmọ́lẹ̀ láti etí dé etí. Kòkòrò ẹ̀wà tí ó gùn ní mìlímítà 3 yóò gba ìdá kan nínú méjìlá péré. Ìmútóbi kan náà ni a lò fún méjèèjì. Bí a bá wá tẹ àwòrán kòkòrò ẹ̀wà náà sórí bébà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 360, kòkòrò yóò gùn ní mìlímítà 30 lórí bébà: ìfẹ̀lójú ìlọ́po mẹ́wàá, ìmútóbi 1:1. Olùkọ́ tí ó bá pe méjèèjì ní orúkọ kan náà ti kọ́ ọmọ pé kámẹ́rà ṣe ohun tí kò ṣe.

Bí awò bá ṣe jìnnà sí agbàmọ́lẹ̀ tó ni ìmútóbi ń pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ki òrùka oníhò bọ àárín awò àti kámẹ́rà, tí àwọn mìíràn sì ń dojú awò kọ inú kámẹ́rà.

Ìmútóbi ní ohun tí ó ń gbà padà. Bí ó ṣe ń pọ̀ sí i ni apá tí ó hàn kedere lára kòkòrò ń fẹ́lẹ́ sí i. Bí ojú bá hàn, ẹ̀yìn yóò ṣe bàìbàì. Gẹ̀ẹ́sì fi jíjìn ṣe àfiwé níhìn-ín, bí ẹni pé ẹnu kànga ni ayàwòrán dúró sí. ‘Ìjìnlẹ̀’ sì ti ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní Yorùbá: ẹni tí ó bá gbọ́ ‘ìjìnlẹ̀ àwòrán’ yóò máa wá àṣírí nínú rẹ̀. Ohun tí ayàwòrán ń bá jà jọ ègé dòdò ju kànga lọ. Ègé yẹn lè nípọn, ó sì lè fẹ́lẹ́ bíi bébà, nítorí náà ‘ìnípọn ìríkedere’ ni ó sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀.

Nítorí pé ègé kan kò tó, ayàwòrán a máa ya ègé kan tẹ̀lé èkejì láti orí dé ìdí, a ó sì fi kọ̀ǹpútà kó apá tí ó hàn kedere nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan jọ di ẹyọ kan. ‘Àwòrán àtòléra’ ni irú èyí. Ní 2016, Levon Biss, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàtẹ àwòrán kòkòrò àfipamọ́ ní ilé àkójọ ohun àdánidá ti Yunifásítì Oxford. Àwòrán kan ṣoṣo nínú wọn jẹ́ àtòléra nǹkan bíi 8,000 àwòrán. Microsculpture ni orúkọ ìpàtẹ náà, iṣẹ́ gbígbẹ́ tí ó kéré gan-an, orúkọ yìí gan-an ni ó sì mú ọ̀rọ̀ dé Ẹ̀fọ̀n.

Biss kọ́ ni ó dá àfiwé náà sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ kòkòrò ti ń pe ihò àti ilà ara àkọ̀ ìyẹ́ ní iṣẹ́ gbígbẹ́, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń dá irú kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ta ni ó wá ní ọ̀rọ̀ tí ó péye fún iṣẹ́ gbígbẹ́ ju agbẹ́gilére lọ? Ẹ̀fọ̀n ni Agbọ́nbíọ̀fẹ́, tí ó kú ní 1945, ti gbẹ́ òpó sí ààfin Aláayè. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Kevin Carroll, bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ láti 1947 sí 1954, ó sì ṣe àkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí ère ń là kọjá nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Méjì tí ó gbẹ̀yìn ni ó kàn wá níhìn-ín. Dídán ni ìpele tí ara ère ń jọ̀lọ̀. Fínfín ni ìpele tí a ń fi ẹnu ọ̀bẹ la ilà irun, ilà aṣọ àti ilà ojú sí i. Àkọ̀ ìyẹ́ kan lè dán láìní fínfín kankan, òmíràn lè ní fínfín tí ó bò ó láti èjìká dé ìdí. Ìyàtọ̀ tí onímọ̀ kòkòrò ń wá lábẹ́ awò náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sọ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ń fín nǹkan, pé kò sí ẹni tí ó fín kòkòrò. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó láti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. ‘Ilà’ pàápàá, ọwọ́ olóólà ni ó ti wá, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń bá ọmọ jà bí ó bá ní ilà wà lára kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú igbó.

Ibi tí ó yẹ kí á ti ṣọ́ra ni ‘ilà’ yìí. Àwọn ilà kan wà lára àkọ̀ ìyẹ́ tí ó jẹ́ àwọ̀ lásán; àwọn mìíràn jìn wọnú. Àgbẹ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀ fún irú kejì: ‘poro’, ojú ọ̀nà tí ó jìn láàárín ebè. Kí ‘ilà’ dúró fún àwọ̀, kí ‘poro’ dúró fún èyí tí ó jìn, kí ‘ihò fínfín’ sì jẹ́ ti àwọn ihò wẹ́wẹ́. ‘Ebè’ kò yẹ fún ibi tí ó yọ láàárín poro méjì, nítorí pé ebè dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí sì gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. ‘Àlà’ sàn jù ú lọ. Ìyàtọ̀ ilà àti poro kì í ṣe ti èdè nìkan. Àkọ̀ ìyẹ́ a máa kọ mànà bí iná kámẹ́rà bá bà á lójú kan náà, nítorí náà ayàwòrán a máa ta aṣọ funfun tàbí bébà fẹ́lẹ́ síwájú iná, bí ìgbà tí a ń sẹ́ ògì. ‘Ìmọ́lẹ̀ àsẹ́’ ni ó yẹ kí á pè é. Bí ó bá sì sẹ́ ẹ jù, tí ìmọ́lẹ̀ ti ọ̀nà gbogbo wá ní ọgbọọgba, òjìji inú poro yóò parẹ́, poro yóò sì jọ ilà. Àfi kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan lágbára díẹ̀ ju èkejì lọ.

Kòkòrò tí à ń yà báyìí kì í sábà jẹ́ alààyè. ‘Àpẹẹrẹ’ ni àwọn kan ń pè é. Ṣùgbọ́n òkú kòkòrò tí ó wà nínú àpótí kì í ṣe àpẹẹrẹ nìkan, ẹ̀rí ni. ‘Àfipamọ́’ ni ó dára jù, kí èyí tí a wò nígbà tí a kọ́kọ́ sọ irú kan lórúkọ sì jẹ́ ‘àfipamọ́ olórúkọ’. Nígbà tí J. T. Medler tẹ àkójọ orúkọ kòkòrò ilẹ̀ Nàìjíríà jáde ní 1980, orí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni orúkọ wọ̀nyí dúró lé. Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n, ní àfipamọ́ kòkòrò nínú ilé àkójọ ohun àdánidá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Olùkọ́ tí ó bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbikíbi yóò rí i pé inú àkọ̀ ìyẹ́ ọ̀tún ni píìnì ti máa ń gba ara abìyẹ́-lákọ̀ kọjá. Kí wọ́n má ṣe ka ihò yẹn mọ́ ihò fínfín. Èyí tí ó bá kéré jù fún píìnì, orí bébà ṣóńṣó ni a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Káńfọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí, torí pé irú abìyẹ́-lákọ̀ kan wà tí òkú kòkòrò mìíràn jẹ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí ohùn. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi ‘u’ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èkìtì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ‘ulé’ àti ‘uṣu’ ni wọ́n ń pe ilé àti iṣu. Bí ọmọ Ìjerò bá wá fi ‘u’ bẹ̀rẹ̀ ‘ìmútóbi’ àti ‘ìnípọn’, èdè-ìperí náà ti wọlé sí i lára ni. Ìwé nìkan ni kí olùkọ́ ti béèrè ‘i’.

Báyìí ni àkọlé àwòrán kòkòrò obì ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe lè rí: ‘Abìyẹ́-lákọ̀ inú obì, Balanogastris kolae. Àfipamọ́, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà ṣóńṣó. Ìmútóbi 2:1. Àwòrán àtòléra, ìmọ́lẹ̀ àsẹ́, ó lágbára jù ní apá òsì. Ọ̀pá ìwọ̀n: mìlímítà 1.’ Ìfẹ̀lójú kò sí nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ìgbàgbé. Nọ́ńbà ìfẹ̀lójú di irọ́ lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá ṣe ẹ̀dà ewé náà ní ìwọ̀n mìíràn fún kíláàsì rẹ̀. Ọ̀pá ìwọ̀n tí a fà sábẹ́ kòkòrò a máa bá a fẹ̀, a sì máa bá a kéré.