Ẹ̀KỌ́ IṢẸ́ ỌWỌ́: FÍÚÙSÌ ỌKỌ̀ TÍ Ó Ń JÓ LÉRALÉRA



Bí fíúùsì bá jó, tí a pààrọ̀ rẹ̀, tí èkejì náà sì jó, ìkìlọ̀ ni. Àwọn réwáyà kan a fi wáyà lásán dípò rẹ̀. Ọkọ̀ yóò ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ ni yóò máa gbóná, iná sì lè sọ.

Báyìí ni a ṣe ń wá ìdí rẹ̀:

1. Ẹ wo nọ́ńbà fíúùsì. Pupa jẹ́ 10, búlúù 15, yẹ́lò 20. Ẹ má ṣe fi èyí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i.

2. Ẹ pa gbogbo ohun tí fíúùsì náà ń gbé iná fún. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi gílóòbù 12 volts oníwáyà méjì sí ihò rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

3. Bí gílóòbù bá tàn rokoṣo, wáyà kan ti bó, ó ń kan irin ọkọ̀. Ẹ máa tú ìsopọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ tú tí gílóòbù fi kú, ọ̀nà ibẹ̀ ni àrùn wà. Ẹ yẹ ibi tí wáyà ti gba ihò irin kọjá wò dáadáa.

4. Ẹ tún wáyà náà ṣe kí ẹ tó fi fíúùsì tuntun sí i.

Àmánà ni ọkọ̀ oníbàárà lọ́wọ́ wa. Kò rí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun rí i. Kí Ọlọ́hun fi òtítọ́ sínú iṣẹ́ wa. Àmín.