Táyà Kọ́ Ló Ń Ṣe Tírélà Rẹ

Ògbómọ̀ṣọ́

Àkànbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Ìyá rẹ ní o tún ti ra táyà sí tírélà, pé èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà ti ń jẹ, àti pé àwọn ará gáréèjì ní Hotoro, ní Kano níbẹ̀, ní tòkúńbọ̀ tí o ń rà ló fà á. Má tíì ná kọ́bọ̀.

Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o fọwọ́ ra ojú táyà náà. Bó bá jẹ láàárín, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bó bá jẹ létí méjèèjì, afẹ́fẹ́ kò tó. Bó bá ní kòtò-kòtò káàkiri, fura sí bẹ́árìn. Bó bá jẹ́ etí inú ló ń jẹ lọ́tùn-ún lósì, ẹrù ti tẹ ásùlù, irin ńlá tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá rẹ ṣàpèjúwe fún mi, etí kan ṣoṣo, tó rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn, ásùlù tó ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ju téèpù lọ. Gbé tírélà sórí ilẹ̀ títẹ́jú. Wọ̀n ọ́n láti kíńgípìnì, níbi tí orí ọkọ̀ ti gbá bọ́dì mú, dé ẹnu ásùlù àkọ́kọ́ lọ́tùn-ún, kí o tún wọ̀n ọ́n lósì. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Lẹ́yìn náà, wọ̀n láti ásùlù dé ásùlù. Níbi tí kò bá ti bára mu, wo yúbóòtì tó de ásùlù mọ́ sípíríìnì bóyá ó ti tú, àti bóòtì àárín sípíríìnì bóyá ó ti já. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé irú tírélà bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Maiduguri á rí i pé ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Tí o kò bá tún un ṣe, ilé-iṣẹ́ táyà ni o ń bá ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ooru ẹsẹ̀ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ti táyà tó ń jẹ. Níbi tí awakọ̀ bá ti dúró, kí mọ́tò-bọ́ọ̀ì na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ìtòsí họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀, láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí gíríìsì ń yọ lára rẹ̀, bẹ́árìn ni. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ń rùn, bíréèkì ni kò tú sílẹ̀. Kí wọ́n má da omi sí i o, yóò sán! Bó bá tutù, ẹ dí táyà yòókù, ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ tú bíréèkì, kí ẹ di táyà náà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Bó bá ń mì, bẹ́árìn ti tú. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e.

Bí ẹ bá pààrọ̀ táyà, ẹ tún nọ́ọ̀tì fún láàárín kìlómítà 80 sí 160. Ẹ má ré Zaria kọjá bó bá jẹ́ Èkó lẹ ń lọ. Bó bá jẹ́ Maiduguri, Birnin Kudu dára. Ìpẹtà tó bá ń ṣàn láti ìdí nọ́ọ̀tì, títú ló ti tú.

Mo tún gbọ́ pé o ń ronú àtigbé epo. Tánkà tó dànù ní Majiya, ní Jigawa, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Kano ló ti gbéra. Ó pa èèyàn tó lé ní 150. N kò sọ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n táyà tó gbiná lábẹ́ símẹ́ńtì tí o ń gbé, a lè sá fún un. Lábẹ́ epo ńkọ́?

Fi iye tí téèpù bá sọ ránṣẹ́ sí mi, tọ̀tún tòsì, kí o tó fún mẹkáníìkì kankan lówó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré