KÍKỌ́ ÌRÁNṢỌ LÓRÍ Ẹ̀RỌ ÀTIJỌ́

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, a lè rí ẹ̀rọ ìránṣọ aláfẹsẹ̀tẹ̀ tí a fi aṣọ bò mọ́lẹ̀ ní igun iyàrá. Ó lè jẹ́ pé ìyá àgbà ni ó fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí pé bàbá kan ni ó rà á fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá. Àwọn mìíràn rò pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò wúlò mọ́ nítorí pé ẹ̀rọ oníná ti dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò béèrè iná kò mọ ìgbà tí iná lọ. Aránṣọ tí ó bá mọ̀ ọ́n lò kò ní fọwọ́ lẹ́rán nígbà tí àwọn oníbàárà bá ń retí aṣọ ọdún.

Ìtàn ẹ̀rọ náà
Ní ọdún 1846 ni Elias Howe, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ tí ń fi òwú méjì ránṣọ. Ní ọdún 1851, Isaac Singer gba tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì mọ̀ ní ilẹ̀ wa sí Síńgà. Ní ọdún 1885, ilé iṣẹ́ Singer ṣí ibi ìṣẹ̀rọ ńlá kan ní Clydebank ní ilẹ̀ Scotland. Ọdún 1980 ni wọ́n tì í. Bí ẹ̀rọ kan bá ń jẹ́ 15K, lẹ́tà K náà ń tọ́ka sí ibẹ̀. Ibi tí a ti ṣe ẹ̀rọ náà ti di ìtàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́ bí a bá tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ aránṣọ àti òwò aṣọ kì í ya ara wọn. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Olóyè Hannah Ìdòwú Dídéolú Awólọ́wọ̀, tí a bí ní ọdún 1915 tí ó sì dágbére fún ayé ní ọdún 2015. Ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni ó jẹ́ nínú òwò aṣọ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọmọ tí ó bá wọ ilé-ìwé yóò wọ aṣọ ilé-ìwé, ẹnì kan ni yóò sì rán an.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: ẹsẹ̀
Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi òwú sí abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́. Kókó irin kan wà ní àárín kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó wà lápá ọ̀tún ẹ̀rọ. Bí a bá tú u díẹ̀, kẹ̀kẹ́ yóò máa yí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò ní lọ sókè sódò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé pẹ́dà, ọ̀kan síwájú, èkejì sẹ́yìn díẹ̀. Kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún yí orí kẹ̀kẹ́ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kí ẹsẹ̀ sì máa bá a lọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá yí padà sẹ́yìn, òwú yóò lọ́ mọ́ra lábẹ́ aṣọ tàbí kí ó já. Nítorí náà, kò yẹ kí a fi òwú sí ẹ̀rọ títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi lè bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì lè dúró, láìjẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yí sẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ kejì: ìwé
Lẹ́yìn èyí, kí ó dé kókó náà padà, kí ó fa ìlà sórí ìwé, kí ó sì rán ìwé náà láìsí òwú. Ihò abẹ́rẹ́ yóò fi hàn bóyá ọwọ́ rẹ̀ dúró déédéé. Ìlà gbọọrọ ni kí ó kọ́kọ́ rán, lẹ́yìn náà onígun mẹ́rin, lẹ́yìn náà èyí tí ó rí roboto. Bí ó bá dé igun, kí abẹ́rẹ́ wà nínú ìwé kí ó tó gbé ẹsẹ̀ irin sókè láti yí ìwé. Kí ó rántí pé eyín irin tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ń gbé aṣọ lọ. Ọwọ́ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Ẹni tí ó bá ń fa aṣọ yóò tẹ abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ yóò sì kọlu irin, yóò kán. Ìwé a máa mú kí abẹ́rẹ́ kú. Kí a pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan aṣọ.

Ẹ̀kọ́ kẹta: òwú méjì
Òwú kan wà lókè, èkejì wà nínú bọ́bìn nísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ a gbé òwú òkè wọ inú aṣọ. Bí ó bá fẹ́ máa padà sókè, òwú náà a ṣẹ́ kọ́rọ́. Ẹnu irin ìsàlẹ̀ a mú un, a sì mú kí ó kọjá yí òwú bọ́bìn ká. Apá irin tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀ níwájú ẹ̀rọ a wá fà á ṣinṣin. Bí ìdè náà bá wà láàárín aṣọ, ìrán náà dára.

Ẹ̀rọ kan ń gba òwú sí abẹ́rẹ́ láti ọ̀tún, òmíràn láti òsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èékánná wo ara abẹ́rẹ́: ẹ̀gbẹ́ tí poro gígùn wà ni òwú ń gbà wọlé. Nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀, kí ó di ìdí òwú méjèèjì mú sẹ́yìn ẹsẹ̀ irin.

Bí òwú òkè bá nà tààrà lójú aṣọ, tí òwú ìsàlẹ̀ sì yọ sókè, òwú òkè ti fún jù. Kí a dẹ kókó tí ń fún un. Bí òwú ìsàlẹ̀ bá nà tààrà lábẹ́ aṣọ, tí òwú òkè sì ṣẹ́ kọ́rọ́ síbẹ̀, òwú òkè ti dẹ̀ jù, tàbí kí ó má wọ ibi tí ó yẹ kí ó gbà kọjá. Ẹsẹ̀ irin gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà tí a bá ń tún èyí ṣe, nítorí bí ó bá wà lókè, ẹ̀rọ kì í fún òwú rárá.

Ìtọ́jú ẹ̀rọ
Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó fúyẹ́ nìkan ni kí a lò. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà a máa dì bí oje igi, wọn a sì mú kí ẹ̀rọ le. Kí a gbọn eruku àti fọ́ọ́nrán òwú kúrò lábẹ́ eyín irin, kí a kán òróró sí àwọn ihò rẹ̀, kí a yí kẹ̀kẹ́ díẹ̀, kí a sì nù ún. Àkísà ni kí a kọ́kọ́ rán, kí òróró má bàa ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Bí bẹ́líìtì bá dẹ̀, kí a gé e kúrú díẹ̀, kí a sì so ó padà.

Aṣọ òkè tí ìyàwó yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tí a fi ń kọ́ṣẹ́. Bí a bá bà á jẹ́, owó lọ, orúkọ aránṣọ náà sì lọ. Nítorí èyí ni ọ̀gá rere kì í fi kánjú lé ọmọ iṣẹ́ lórí aṣọ ẹlòmíràn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹbí tí ó bá ní irú ẹ̀rọ yìí nílé, kí wọn ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀, kí wọn kán òróró sí i, kí wọn sì wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò kí ó kọ́ ọmọ wọn. Iṣẹ́ tí ó bọ́ ìyá àgbà ṣì lè bọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.